Ẹ̀kọ́ Kejìdínlógún: Àròkọ Lórí Ìwé Ìtàn Àròsọ Tí A Kà

Ìbéèrè: Mú ìwé ìtàn àròsọ kan tí o ti kà, èyí tí ó dá lórí ìgbé-ayé ọ̀dọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sọ ohun tí ìwé náà mú ọ rò.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú, a ti yẹ àròkọ asọ̀tàn, aṣàpèjúwe àti alárìíyànjiyàn wò. Ìbéèrè òkè yìí kò sọ pé òun jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, ìdí sì nìyí tí ó fi máa ń da olùdánwò láàmú. Ní gbogbo ọdún tí mo fi yẹ ìwé àròkọ wò kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun kan náà ni mo ń bá pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtàn inú ìwé sọ láti ojú ewé kìíní, aago á sì lù kí ó tó dé ìdajì. Nígbà tí ó bá rí i pé àyè ti ń tán, á fi gbólóhùn kan dì í pé ìwé náà dùn púpọ̀, ó sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ẹ̀kọ́ wo? Kò sọ.

Tún ìbéèrè náà kà. Kò ní kí o sọ ìtàn. Ó ní kí o sọ ohun tí ìwé náà mú ọ rò. Ẹni tí yóò fún ọ ní máàkì lè ti ka ìwé náà, ó sì lè máà tíì kà á. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun kan ṣoṣo tí kò lè rí kà níbòmíràn ni èrò tìrẹ. Nítorí náà, jẹ́ kí ìtàn kéré, kí èrò pọ̀. Bí o bá ń wá ìwọ̀n tí o lè fi wọ̀n ọ́n, ṣe bí ẹni pé o wọ mọ́tò láti Dùgbẹ̀, ò ń lọ sí Agbowó, o sì ń sọ̀rọ̀ ìwé náà fún ẹni tí ó jókòó tì ọ́. Kí mọ́tò tó kọjá Mọ́kọ́lá, ó yẹ kí ìtàn ti parí, kí ọ̀rọ̀ tìrẹ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé wo ni kí o yàn? Yan èyí tí o kà tán, tí ibì kan nínú rẹ̀ sì gún ọ lọ́kàn. Ìlú Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí ìwé ti ṣọ̀wọ́n. Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ Ó Le Kú jáde ní 1974, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọge mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn kò jẹ́ kí ó sinmi. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ọ̀pọ̀ olùdánwò ló ń sá bá ìwé yìí, kò sì burú. Ṣùgbọ́n Àjàní ti dàgbà díẹ̀ ju ẹni tí ó ń ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ: ìyàwó ni Àjàní ń wá. Ẹni tí ó ṣì wà ní ilé ìwé gírámà, tí kò tíì mọ irú ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ láàárín ẹgbẹ́, lè wá ìwé tí ó sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún àpẹẹrẹ wa, mo mú Purple Hibiscus tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ. Ọdún 2003 ni ó jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Commonwealth fún ìwé àkọ́kọ́ ní 2005. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ilẹ̀ Ìgbò ni ìtàn náà sì ti wáyé. Má ṣe jẹ́ kí èyí bà ọ́ lẹ́rù. Níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè bá sọ pé 'ìwé ìtàn àròsọ kan' láìdárúkọ èdè, o lè mú un. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí o máa tú Gẹ̀ẹ́sì ní oyè-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àròkọ rẹ máa rùn bí ọtí tí wọ́n bomi là. Pa ìwé náà dé kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ohun tí o bá rántí ní èdè ìyá rẹ ni kí o kọ. Fi orúkọ ènìyàn sílẹ̀ bí ó ti wà. Òdòdó tí orúkọ ìwé náà dúró lé lórí, kò di dandan kí o wá orúkọ fún un. Sọ pé òdòdó kan ni tí ó pupa nínú ọgbà ilé bàbá ọmọ náà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ elésè àlùkò nínú ọgbà arábìnrin bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka èyí á mọ ohun tí ò ń wí.

Ka àròkọ ìsàlẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó wo àlàyé tí ó tẹ̀ lé e.

ÀRÒKỌ ÀPẸẸRẸ

Kambili jẹ́ ọmọ ọdún 15. Eugene, bàbá rẹ̀, jẹ́ olówó ní ìlú Enugu. Ó ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó sì ní ìwé ìròyìn tí kò bẹ̀rù ìjọba ológun. Ó lawọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tirẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe ohun tí kò bá ẹ̀sìn mu bí òun ṣe rí i, yálà ọmọ ni tàbí ìyàwó, ìyà ńlá ni yóò jẹ. Ó kọ àkókò sílẹ̀ fún ohun gbogbo tí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe: àkókò ìwé kíkà, àkókò àdúrà, àkókò oorun. Nígbà tí Ifeoma, arábìnrin bàbá wọn tí ó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Nsukka, gba Kambili àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jaja sílé, ni ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ.

Ohun kékeré kan ló gbà mí lọ́kàn. Ní ilé ìwé Kambili, bí aago ìparí bá ti dún, eré ló ń sá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ bàbá rẹ̀ ti ń dúró, ẹni tí ó bá sì pẹ́ yóò jìyà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ èyí. Wọ́n ní agbéraga ni, pé owó bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó bá àwọn rìn. Òun náà kò sì lè ṣàlàyé, nítorí pé bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn á há sí i lọ́fun.

Mo ka ibí yìí ní àkàtúnkà nítorí pé mo mọ ẹnìkan tí ó ń sáré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní SS2, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí kì í dúró ṣeré lẹ́yìn ilé ìwé. Aago á dún, á gbé báàgì rẹ̀, ó di ìta. Wọ́n ń pè é ní 'Ìyá Olóyè'. Wọ́n ní ó ń fi ojú tín-ín-rín wo wa. Nígbà tí ìyá mi rán mi lọ ra èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun ni mo bá níbẹ̀ tí ó ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ fún oníbàárà, yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Ó rí mi, ó sì mi orí sí mi díẹ̀ pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ.

Eré kan náà ni àwọn méjèèjì ń sá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń lé wọn yàtọ̀. Ìbẹ̀rù ló ń lé Kambili. Ti ọmọ kíláàsì wa, àìsàn ìyá rẹ̀ àti owó ọjà ni. Síbẹ̀, orúkọ kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ fún wọn. Àwa ọ̀dọ́ a máa yára sọ ènìyàn lórúkọ, pàápàá ẹni tí a mọ̀ pé kò ní fèsì.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ka ìwé yìí ló fẹ́ràn Amaka, ọmọ Ifeoma, tí òun àti Kambili jọ jẹ́ ọmọ ọdún 15. Èmi kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbọ́n, ó mọ àwòrán yà, orin Fẹlá àti ti àwọn olórin ilẹ̀ Ìgbò ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kò tíì mọ Kambili dáadáa tí ó ti ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ọmọ olówó ni. Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ewé ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní orah fún Kambili pé kí ó tọ́jú rẹ̀. Kò ṣe é rí láyé rẹ̀. Amaka bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò ọ̀rọ̀. Ifeoma gbọ́, ó sì bínú, àmọ́ kì í ṣe Amaka ló bínú sí. Kambili ló kọjú sí pé kí ó la ẹnu, kí ó fèsì. Ó sì fèsì lóòótọ́. Ó gbà pé òun kò mọ iṣẹ́ náà, ó ní kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi han òun láìsí ariwo. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu Amaka. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là láàárín àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀rẹ́ nínú ìwé náà, Ezinne ni n óò yàn. Ezinne ló jókòó ti Kambili ní kíláàsì, a kò sì gbọ́ púpọ̀ nípa rẹ̀. Òun ló sọ ohun tí àwọn yòókù ń wí fún un, òun ló bi í ní ohun tí ó fà á tí ó fi ń sáré, òun ló gbà á níyànjú pé kí ó máa bá àwọn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kò bú u. Ó béèrè kí ó tó dájọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé Kambili kò sọ òótọ́ fún Ezinne. Ó kàn dá a lóhùn bí ẹni pé eré sísá ló wu òun. Inú rere Ezinne kò ṣí i lẹ́nu. Ẹnu mímú Amaka ló ṣí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé mi tán. Bóyá ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni pé ní Nsukka, àgbàlagbà kan wà ní ìdí ọ̀rọ̀ tí ó fún un láyè láti fèsì, tí kò sì ní nà án bí ó bá fèsì. Ní ilé ìwé, kò rí irú rẹ̀. Ní ilé bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ sí rárá.

Ọmọ kíláàsì wa yẹn ti kúrò ní Ìbàdàn. Kí ó tó lọ, mo yá a ní ìwé náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó dá a padà, ó ti fi bébà ṣe àmì sí ojú ewé kan, ibi tí bàbá Kambili ti mú dígí kékeré jáde ní ilé ìwé, tí ó ní kí ọmọ rẹ̀ wo iye orí tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé ipò kejì ló mú wálé. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní ohun tí gbogbo bàbá ń wí ni, pé dígí nìkan ni bàbá tòun kì í mú dání.

ÀLÀYÉ

Ìpínrọ̀ kan péré ni olùdánwò yìí fi sọ ìtàn, ó sì sọ fún wa pé òun kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ó mú ohun kan ṣoṣo, eré tí ọmọ náà ń sá, ó sì tẹ̀ lé e dé ọjà Bódìjà. Ọ̀pọ̀ á ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn, ìjọba ológun, ìyà tí obìnrin ń jẹ nílé ọkọ, àti ọ̀rẹ́, nínú àròkọ kan náà. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe gbogbo rẹ̀ kí aago tó lù.

Wo bí ó ṣe lòdì sí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa Amaka, tí ó sì tún wá ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Gbólóhùn tí ó sọ pé 'Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé mi tán' máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Wọ́n rò pé wọn yóò fi gé máàkì. Èmi, bí mo bá rí irú rẹ̀ nínú ìwé àròkọ, ara mi á yá gágá, nítorí pé mo mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ronú kí ó tó kọ̀wé.

Ó ṣeé ṣe kí o máa retí òwe ní ìparí. Mo mọ èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ: Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀dọọdún ni mo ń rí i nínú irú àròkọ yìí. N kò sọ pé òwe náà kò dára, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí o tó lò ó. Ẹni tí ó dákẹ́ ni òwe náà ń dá lẹ́bi. Ṣé Kambili ló fúnra rẹ̀ yan ìdákẹ́? Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ pé ó bá bàbá àgbà tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ gbé inú ilé kan náà tí kò sì sọ fún òun, omi gbígbóná ló dà sí i lẹ́sẹ̀. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wá la ẹnu sọ? Àwọn àgbà kan náà tí ó pa òwe yẹn ló sọ pé ẹnu òròfó ní í pa òròfó. Bí o bá fẹ́ fi òwe sí i, bá a jà díẹ̀. Sọ ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ mu, èyí ni Nsukka, àti ibi tí kò ti bá a mu, èyí ni Enugu. Òwe tí o bá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ báyìí á mú máàkì wá ju òwe mẹ́wàá tí o kàn tò sílẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe kọ pé 'ìkà ènìyàn ni Eugene' kí ẹ sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òǹkọ̀wé kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń san owó ilé ìwé fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ń sọ òótọ́ nígbà tí àwọn mìíràn dákẹ́, bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú ìdìpọ̀ ló sì pa olóòtú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe pa Délé Gíwá ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀wàrà, 1986, kò ní ṣàìrántí rẹ̀ nígbà tí ó bá kà á. Kambili fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tí bàbá yóò fi yìn ín. Ọmọ tí wọ́n ń nà, tí ó sì tún ń wá ìyìn lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń nà án: ibẹ̀ ni ìwé náà ti le jù lọ, olùdánwò tí ó bá fò ó kò tíì ka ìwé náà tán.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn lè gbà dáhùn ìbéèrè yìí, tí àpẹẹrẹ wa kò fọwọ́ kàn. Èyí ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ lé Amaka lórí ní ìjọ Kátólíìkì, wọ́n ní kí ó mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó ṣe orúkọ Ìgbò tí a kò fi lè fi yin Ọlọ́run. Ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú rẹ̀ tipẹ́. David Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mójọlá Agbébí ní 1894, aṣọ ìbílẹ̀ ló sì ń wọ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 34 ni Agbébí nígbà náà, ó ní ìjọ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún 15 ni Amaka, ìyá rẹ̀ gan-an sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó gbà kí ọ̀rọ̀ lè tán. O lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀rọ̀ tìrẹ: orúkọ wo ni wọ́n ń pè ọ́ nílé, èwo ni o ń jẹ́ níwájú ọ̀rẹ́, èwo ni ara rẹ ń jẹ́?

Ní ti èdè, lo 'ẹ̀dá ìtàn' fún àwọn tí ó wà nínú ìwé, 'olú ẹ̀dá ìtàn' fún Kambili, àti 'ibùdó ìtàn' fún Enugu àti Nsukka, ṣùgbọ́n má tò wọ́n jọ bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Kíyè sí àmì ohùn. Ọrẹ ni ohun tí a fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ọ̀rẹ́ ni ẹni tí a ń bá rìn. Mo ti ka àròkọ odindi ojú ewé mẹ́ta tí 'ọrẹ' kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tí kò sí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'ohùn' àti 'ohun'. Bí o bá kọ pé Kambili kò ní ohun kan nílé bàbá rẹ̀, irọ́ ni, ilé olówó ni. Ohùn ni kò ní.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Mú ẹ̀dá ìtàn kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lóye nínú ìwé tí o ti kà. Kọ àròkọ lórí ohun tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan péré ni kí o fi sọ ìtàn.

2. Olùdánwò inú àpẹẹrẹ wa sọ pé Ezinne ni òun yóò yàn ní ọ̀rẹ́. Ṣé o gbà pẹ̀lú rẹ̀? Jiyàn rẹ láìlo òwe kankan.

3. Kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ tí ó wà ní ìlú mìíràn, kí o sọ fún un nípa orúkọ tí o fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ àti ìdí rẹ̀. Fi àmì ohùn sí gbogbo orúkọ Yorùbá tí o bá lò.